Zélie, Sunny, Ṣadé àbí Àjàní: èwo lẹ ó fà lé ọ̀dọ́langba yín lọ́wọ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọlidé tó kọjá. Ọmọ ọdún 13 ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàsán mà. Owó ìwé kan ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ èyí tí ọmọ Yorùbá wà nínú ẹ̀. Èwo ni kí n rà?"

Ó yẹ kí èsì ti wà lẹ́nu mi, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún ọ̀dọ́langba, n kò sì tíì jáwọ́ nínú ẹ̀ bí mo tilẹ̀ ti di ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n èsì kò yá. Ìwé mẹ́rin ló sáré wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí méjì tó ṣe mí bákan náà nínú wọn. Ọ̀kan kọ́kọ́ bí mi nínú kí n tó gba tiẹ̀. Ọ̀kan mú inú mi dùn bí ọmọdé tó he owó. Ọ̀kan wà tí mo kà tán lóru, tí mo dìde lọ wò ó bóyá a ti ti ilẹ̀kùn. Ìkẹrin, ṣe ni mo ń kà á sókè fún ara mi nítorí adùn èdè inú rẹ̀.

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ohun tí mo rò láàárín ọjọ́ méjì náà nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ká mọ́ lójijì.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Àkọ́kọ́ ni Children of Blood and Bone, tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti lọ. Ìtàn Zélie ni, ọmọbìnrin onírun funfun kan ní ilẹ̀ tí ọba ti pa gbogbo àwọn tó ní agbára òrìṣà run, ìyá Zélie sì wà lára wọn. Ìkejì ni Akata Witch tí Nnedi Okorafor kọ ní 2011. Bí ẹ bá ń wá a ní Nàìjíríà, What Sunny Saw in the Flames ni orúkọ tí Cassava Republic fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Ìwé kan náà ni wọ́n, ẹ má lọ ra méjèèjì. Ìkẹta ni The Other Side of Truth tí Beverley Naidoo kọ ní 2000, èyí tó gba ẹ̀bùn Carnegie Medal ní Ìlú Ọba. Ìtàn Ṣadé, ọmọ ọdún 12, àti Fẹ́mi àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 10, ni, tí wọ́n kó wọn kúrò ní Èkó ní kọ̀rọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìkẹrin ni Ó Le Kú, ti Akinwùmí Ìṣọ̀lá, 1974: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ ó ti rí i pé Sunny kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Ígbò ni, Aba ló ń gbé. Mo fi í sí i bẹ́ẹ̀ náà, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Tó bá jẹ́ Yorùbá inú ìwé lẹ fẹ́ fi wọ̀n wọ́n

Èyí ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń béèrè, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun: mélòó ni Yorùbá inú ẹ̀?

Nínú Children of Blood and Bone, Yorùbá ni ògèdè tí àwọn olóògùn ń pè, wọ́n sì fi àmì ohùn sí i lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, orí mi wú. Mo ronú kan ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rí, tó jókòó síbì kan ní Texas, tó ń gbìyànjú láti fi ẹnu gbé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí Ìlọrin ti di abúlé apẹja tó léfòó lórí omi, mo pa ìwé náà dé. Ìlú bàbá mi kò jìnnà sí Ìlọrin. Odò Asà la mọ̀ níbẹ̀, a kò mọ òkun. Ó ká mi lára gan-an. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ yàrá ìyá mi, tó tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, tó wá tún un sín bó ṣe wù ú.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó tún ṣí i. Ọya ló mú mi padà. Nínú ìtàn náà, Ọya ló ni ìdílé Zélie, àwọn tó ń pe ẹ̀mí òkú. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pé Ọya afẹ́fẹ́ ni mo mọ̀, kí n tó rántí pé Ọya kan náà là ń pè ní ìyá egúngún. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé Salvador ní Bahia, ní Brazil, ni òǹkọ̀wé náà ti kọ́kọ́ rí àwòrán àwọn òrìṣà wa. Gbogbo rẹ̀ wá tò fún mi. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló gbé àwọn òrìṣà yìí dúró ní Bahia, láìsí ìlú, láìsí ààfin, láìsí odò Asà. Ọ̀nà Bahia ni ìwé yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn bọ̀ lè mọ Ọya dáadáa kó má mọ ibi tí Ìlọrin wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà á láìbínú.

Ó Le Kú kò ní irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kéde pé Yorùbá lòun ń sọ níbẹ̀. Wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń fi yan ọ̀rẹ́, wọ́n ń fi tan ara wọn jẹ. Àpárá inú ẹ̀ máa ń bá èèyàn lójijì. Ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá ilé nìkan, tí kò mọ̀ ọ́n kà, yóò nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. Mo máa dé orí ìyẹn.

Ní ti Akata Witch, Ígbò àti nsibidi, ìwé àmì àtayébáyé àwọn ará Cross River, ló jọba níbẹ̀. The Other Side of Truth ló wá kẹ́yìn: orúkọ ni, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, àti òwe ìyá Ṣadé tó máa ń sọ sí i létí nígbà tí ayé bá dojú rú, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ South Africa ló kọ ìwé náà.

Síbẹ̀, nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, òun ló mọ inú ilé wa jù. Ìdí nìyí tí n kì í gba òbí níyànjú pé kó ka iye ọ̀rọ̀ Yorùbá inú ìwé kó tó rà á. Ohun tó ń wúwo lọ́kàn ọmọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá mọ̀.

Ẹ̀rù inú wọn

Ẹ̀rù wà nínú mẹ́ta nínú àwọn ìwé yìí, àmọ́ ẹ̀rù yàtọ̀ sí ẹ̀rù.

Orí kìn-ín-ní The Other Side of Truth kò gùn rárá. Àárọ̀ ni, wọ́n fẹ́ lọ sílé ìwé. Ṣadé ń ki ìwé bọ àpò rẹ̀, ìyá rẹ̀ figbe ta, ìbọn dún. Bàbá wọn, akọ̀ròyìn tó ń kọ ohun tí àwọn ológun kò fẹ́ kí aráyé kà, ni àwọn apànìyàn náà bá wá. Ìyàwó rẹ̀ ni ọta bà. Àsìkò Abacha ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹgi fún Ken Saro-Wiwa ní oṣù kọkànlá ọdún 1995.

Ọmọ ọdún 11 ni mí ní oṣù kẹfà ọdún 1996 tí wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó. Bàbá mi ní rédíò kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà so bátìrì rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Lálẹ́, wọ́n á gbé e sórí ìrọ̀rí, wọ́n á rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti fi etí tì í kí wọ́n tó gbọ́ nǹkan. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún níta, wọ́n á pa á. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún àwa ọmọ, àwa náà kò sì béèrè. Ìró tí mo mọ̀ ìgbà náà mọ́ ni ìró ìka bàbá mi lára kọ́kọ́rọ́ rédíò yẹn: kẹ́, ó kú; kẹ́, ó jí.

Ìwé Naidoo ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà tó gbà pé ọmọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ṣadé mọ̀. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń kọ, ó mọ̀ pé wọ́n ti ń fi tẹlifóònù halẹ̀ mọ́ wọn, ó sì tún ní láti lọ sílé ìwé. Mo ti lé lọ́mọ 20 ọdún nígbà tí mo kà á, síbẹ̀ mo dìde lọ wo ilẹ̀kùn.

Mo bi ara mi pé báwo ni obìnrin yìí ṣe mọ̀ ọ́n. Ìtàn ayé rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Johannesburg ni wọ́n bí i sí. Ní 1964, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi òun náà sí àtìmọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láìgbé e lọ sílé ẹjọ́, ní 1965 ó wá sí Ìlú Ọba. Wọ́n fòfin de Journey to Jo'burg, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọdé, ní South Africa, títí di 1991. Ẹni tó ti sá fún ìjọba rí kò nílò kí wọ́n tún ìbẹ̀rù ṣàlàyé fún un, Yorùbá ni o, Zulu ni o.

Ẹ̀rù inú ìwé Zélie tóbi, ó sì gbóná: àwọn ọmọ ogun ọba, iná, ẹranko ńláńlá tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìwé pé ikú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà ló gún òun ní kẹ́ṣẹ́ láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá wà lọ́wọ́ Zélie. Bí o bá ń bá a sá, ìwọ náà ń bá a jà. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ Ṣadé. Ó dúró ní Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù, obìnrin tí wọ́n sanwó fún láti pe ara rẹ̀ ní ìyá wọn ti fi wọ́n sílẹ̀, arákùnrin bàbá wọn tí wọ́n ń wá kò sì sí níbi tí wọ́n ní ó wà. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀pá Zélie ló máa ń wo wọ́n sàn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹnì kan gbà pé ọwọ́ ọmọdé ṣófo nígbà mìíràn.

Ní ti Sunny, ẹni tí wọ́n ń bá jà jẹ́ ajọ́mọgbé tí wọ́n ń pè ní Black Hat Otokoto. Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà ní 1996 kò ní gbọ́ Otokoto kó má rántí Owerri àti ọmọdékùnrin tí wọ́n pa níbẹ̀. Àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ ọ́n, ó sì dára fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi fi Sunny sí i

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 15. Kò fẹ́ràn ìwé. Ẹ má sọ ọ́ fún un pé ìwé dára, yóò kan wo ojú yín ni. Mo fi Zélie lọ̀ ọ́, ó wo bó ṣe nípọn, ó lé ní ojú ìwé 500, ó gbé e padà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Sunny ló rí i mú. Ọmọ ọdún 12 ni Sunny, àfín ni, New York ni wọ́n bí i sí. Oòrùn kò jẹ́ kó lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, nítorí náà alẹ́ ló ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbá a. Bọ́ọ̀lù ló fa ọmọ wa wọlé. Ohun tó dá a dúró síbẹ̀ ni chittim. Láàárín àwọn ènìyàn Ẹkùn (Leopard People), àwọn tó ní agbára idán tí Sunny bọ́ sí àárín wọn, nígbàkígbà tí èèyàn bá kọ́ nǹkan tuntun, owó yóò já bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òfurufú: ọ̀pá irin tó tẹ̀, bàbà ló níye lórí jù, wúrà ló kẹ́yìn.  Kí ohun tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ yé ọ, ìyẹn nìkan ló lè mú un wá.

Ọmọ náà ka ibẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò rí i, wọn kì í na ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń fún lówó." N kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ ohun tí pàṣán ti ṣe láàárín òun àti ìwé. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an, kíláàsì ni: olùkọ́ fi pàṣán lé Sunny lọ́wọ́ pé kó na àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ṣe dáadáa, àwọn yẹn sì lọ dè é lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n ń bú u ní àkátá.

Àwa náà ní àfín jẹ́ ẹni Òrìṣà, ẹ wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń yà fún wọn lọ́jà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa ka Sunny nítorí ìyẹn pẹ̀lú. Àbùkù kan ni mo rí: ìjà ìkẹyìn yá jù. Gbogbo ìwé ló ń múra sílẹ̀ fún un, ìgbà tó dé, ojú ìwé díẹ̀ ló gbé e lọ.

Ìfẹ́

N kò ní pẹ́ níbí. Ìfẹ́ Zélie àti ọmọ ọba tó ń lé e kiri kò wọ̀ mí lọ́kàn, ó yára jù fún ẹni méjì tó ní ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí mo yá ní ìwé náà kò gbà fún mi, n kò sì ní bá wọn jà.

Ó Le Kú yàtọ̀. Nígbà tí mo kà á ní ọmọ ọdún 16, ti Àjàní ni mo ń ṣe. Mo ní ọkàn rẹ̀ dàrú ni, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tún kà á ní ọdún méjì sẹ́yìn, ojú Aṣakẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà, ni mo ń wò báyìí, mo sì ń bi Àjàní léèrè lójú ìwé kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀tọ́ wo ló ní láti fi ọmọ ọlọ́mọ sípò ẹni tí wọ́n ń dán wò. N kò ní sọ bó ṣe parí. Ẹni tó bá rántí fíìmù Túndé Kèlání ní 1997, àti ìró òun bùbá kúkúrú tí gbogbo obìnrin wá ń rán tí wọ́n ń pè ní oléku, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka ìwé náà kó tó rí fíìmù.

Ẹni tí mo máa fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Bí ọmọ náà bá ń bínú sí ayé, tó ti lé ní ọdún 14, tí ìwé gígùn kò bà á lẹ́rù, Zélie ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín o. Ibì kan wà tí wọ́n ti dá Zélie lóró, wọ́n fi ọ̀bẹ fín ọ̀rọ̀ èébú sí i lẹ́yìn. Ó gba agbára lọ́wọ́ àgbàlagbà, ká tó sọ ọmọdé. Méjì mìíràn tẹ̀ lé e, ní 2019 àti 2024, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò tún béèrè owó.

Bí ilé ìwé bá ti jẹ́ kó rò pé òun kò lọ́pọlọ, Sunny, láti ọmọ ọdún 10 sókè. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti fìgbà kan kó kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn láìfẹ́, tàbí tí òbí ẹ̀ kò sí nítòsí, tàbí tó kàn dákẹ́ jù láìpẹ́ yìí, Ṣadé. Ẹ jẹ́ kó ka orí kìn-ín-ní nígbà tí ẹnì kan bá wà nílé pẹ̀lú rẹ̀.

Ó Le Kú wà fún àwọn tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 17. Fún ọmọ òkè òkun tí kò mọ Yorùbá kà, ẹ kà á sí i létí. Orí kan lọ́sẹ̀ kan tó. Ẹ má tú u sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín. Ẹ kà á dé òpin gbólóhùn, ẹ wo ojú rẹ̀, bí kò bá rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀rín, ẹ wá ṣàlàyé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ńkọ́? Mo ti fẹ́ sọ pé Zélie, nítorí Yorùbá ló béèrè. Mo wá rántí pé nínú gbogbo ìpè náà kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó ra The Other Side of Truth.

Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí. Ọmọ náà ti kàwé dé ibi tí àwọn ọmọbìnrin méjì nílé ìwé ti fi dandan lé e fún Ṣadé pé kó jí láítà kan nínú ṣọ́ọ̀bù mọ̀lẹ́bí Mariam, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó fi ìka há ojú ìwé náà, ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì níbi tó ti ń gé ilá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ka ibí yìí." Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́, ó kà á. Ó bi í pé kí ló dé.

Ọmọ náà ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ti jọ lọ sí ilé ìwé náà. Ìyókù ìwé náà ni wọ́n jọ ń kà báyìí, orí kan lálaalẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní kí n má sọ fún òun bóyá wọ́n rí bàbá Ṣadé.